Èsúsú Ìjọba Kò Tíì Kàn Wá

Abúlé wa, lẹ́yìn Simawa,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Kàúsárà ọmọ mi, ọmọ Lìádì olóbì,

Ara mi le. Kò le bí i ti ìgbà tí mo ń ru agbọ̀n obì lọ sí Sábó láìsinmi lọ́nà, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo ń sùn, mo sì ń jí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí mi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo kí ọkọ rẹ Ridwanullah, mo kí àwọn ọmọ, mo kí onílé yín tó ń ti ẹ̀rọ omi pa. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé yín mì. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kò ní di iṣẹ́ ẹlòmíràn, àárẹ̀ kò ní mọ ilé yín. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, torí mo mọ̀ ọ́, o máa ń fo àdúrà kí o lè tètè dé ibi tí ìròyìn wà.

O máa fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí. Bí mo bá ti kí ọ délẹ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an, ìwọ á ní o wà ní mítíìn, obìnrin kan á sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu pé owó mi ti tán. Mo ti bẹ obìnrin yẹn títí, mo ti sọ fún un pé ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pé abiyamọ ni òun náà, kì í dáhùn. Torí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ síwèé bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, kò sẹ́ni tó máa já mi lẹ́nu níbí.

Pósítọ́fíìsì ni mo fẹ́ fi rán an, sitáǹpù ni mi ò rí. Ó sì yà mí lẹ́nu, torí mo mọ̀ pé mo ní sitáǹpù nílẹ̀. Bí owó bá ti wọlé sí mi ní báǹkì, wọ́n á kọ ọ́ sórí fóònù mi pé àwọn ti yọ owó sitáǹpù. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, mo tò, nígbà tó kàn mí mo sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì pé mo wá kó àwọn sitáǹpù mi, kó fún mi ní ẹyọ kan tí mo máa lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, kó bá mi tọ́jú ìyókù. Ó wò mí títí, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ìjọba ló ń gba owó yẹn, kò sí sitáǹpù kankan níbẹ̀ tí a lè fojú rí. Mo bi í bóyá ti àwọn màláíkà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi tútù fún mi. Ọmọ dáadáa ni. Kàmọ́rù awakọ̀ ló máa bá mi mú lẹ́tà yìí wá. Fún un ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó yó jù, oorun máa ń kùn ún nídìí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọba tí mo mẹ́nu bà yẹn náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí afárá wa ti lọ. Afárá kékeré orí odò wa ni mò ń wí, ibi tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń dúró de ọkọ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Òjò kan tó rọ̀ lẹ́yìn Iléyá ló wó o. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù kò lè wọ abúlé mọ́. Orí la fi ń ru obì gba inú omi kọjá, ká tó wá gbé e sórí ọ̀kadà ní òdìkejì. O mọ̀ pé obì gbànja kò fẹ́ wàhálà. Bó bá ti ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ọ̀kadà, á fara bó, bó bá fara bó á dúdú, bó bá sì ti dúdú, ará Òkè Ọya kì í fọwọ́ kàn án. Àlájì Yúnúsà, tí wọ́n ti ń ra obì lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, dúró sí òdìkejì odò níjọ́sí, wọ́n ṣí agbọ̀n mi wò, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n má bínú, bí ọkọ̀ àwọn kò bá rí ọ̀nà kọjá kí obì tuntun tó jáde, ìpínlẹ̀ kejì làwọn á ti máa ra tàwọn.

Bí Àlájì bá lọ, òwò mi lọ nìyẹn. Ohun tí ìwọ ń bẹ̀ mí fún láti ọjọ́ yìí ló kù, pé kí n kó wá sí Èkó wá bá yín gbé. Kàúsárà, mo fẹ́ràn rẹ, o mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ máa ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn? Kí n máa wo tẹlifíṣàn láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, kí n máa gbọ́ tí ọkọ rẹ ń rìn jẹ́jẹ́ torí pé ìyá ìyàwó òun wà nílé? Níbo ni mo máa tẹ́ agbọ̀n sí? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò fi pa mọ́ fún ọ.

Nígbà tí ọkàn mi dàrú tán ni mo rántí pé mo ní èsúsú lọ́dọ̀ ìjọba.

O ò mọ̀ bí? Ó ti pẹ́. Àwọn ọ́físà owó-orí ló wá sí Sábó, wọ́n ní kí gbogbo àwa olóbì wá forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan sá pamọ́ sẹ́yìn agbọ̀n. Èmi kò sá, mo bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ọmọkùnrin kan láàárín wọn, Akínṣọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn ará ìjọ tó ń sinmi ní Sátidé, ní gbogbo wa la jọ máa dá a, gbogbo wa la jọ máa jẹ ẹ́. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo ń ṣe ìyá èsúsú ní Sábó láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún mi? Gbogbo wa á dá a, á sì máa kàn wá níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kan tó gùn bí oríkì, mo ti há a sórí, mo máa ń kà á lẹ́yìn ìrun alẹ́ kí wọ́n má baà bi mí lójijì kí n gbàgbé. Wọ́n tún bi mí pé ta ló máa dúró fún mi bí mi ò bá sí nílé ayé mọ́. Mo ní Kàúsárà ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú, torí nídìí èsúsú ni mo ti mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ ìjọba ní gbèsè rí. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ló máa tẹ̀.

Mo wọ aṣọ Iléyá mi, mo kó àwọn rìsíìtì mi sínú gèlè, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ bèèrè ibi tí wọ́n kà dé.

Lọ́nà, mo rí nǹkan kan ní oríta ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Omi ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ tì í sókè, á fò, á já bọ́ padà síbi tó ti wá, á tún fò. Iná aláwọ̀ oríṣiríṣi ń tàn sí i lọ́sàn-án gangan. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró kí n lè rí ibi tí omi náà ń lọ. Mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí, kò lọ síbì kankan. Mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ pé ilé ta ni omi yìí ń dé, ó ní kò dé ilé ẹnì kankan, pé ẹwà ni wọ́n fi ṣe. Mo ní kó jẹ́ kí n bu díẹ̀ fọ ẹsẹ̀, ó ní wọ́n á lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo bi í pé èsúsú ìlú wo ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn náà kò mọ̀. Ó dùn ún wò o, mi ò ní purọ́. Mo kàn ń rò ó lórí ọ̀kadà pé ẹni tó kó tirẹ̀ tó fi ra omi tó ń fò, ó dájú pé odò ilé tirẹ̀ ní afárá.

Akínṣọlá ni mo bá ní ọ́fíìsì, ó sì dá mi mọ̀. Mo ka nọ́ńbà mi fún un láìwo ibì kankan. Mo ní mo wá bèèrè ẹni tó ń kó o lọ́wọ́, àti ẹni tó tẹ̀lé e, àti ipò tí abúlé wa wà. Mo ní bí kò bá tíì kàn wá, mo wá bẹ̀bẹ̀ ni, kí wọ́n fà wá síwájú díẹ̀ nítorí afárá. Ọmọ náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó fà mí ní àga, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé pé owó-orí kì í ṣe èsúsú, kì í padà sọ́wọ́ ẹni tó dá a. Ó ní wọ́n ń kó o pọ̀ ni, òun ni wọ́n fi ń san owó tísà, tí wọ́n fi ń ra oògùn sí ọsibítù, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà, àti pé ẹni tí kò bímọ rárá náà wà lára àwọn tó ń san owó tísà. Ìyẹn dùn mọ́ mi, torí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń bá ara wa tọ́mọ nílé. Mo wá bi í pé ta ló ń sọ ohun tó máa ṣíwájú. Ó ní ìjọba ni. Mo sọ fún un pé ní Sábó, ìyá èsúsú ló ń kó kẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ má baà wọ owó ẹlòmíràn, mo sì bi í bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀gá wọn ń ṣe. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ mu omi.

Mo tún bi í ní ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tó bá wá kó obì, torí wọ́n ti fi kún un. Wọ́n ní owó ọ̀nà kò tó ni. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi kún un, àwọn ọkọ̀ tó ń wá ti dín kù. Àwọn obìnrin tó ń bá wa bó obì ń jókòó di irun fún ara wọn, ẹni tó ń ta ewé tí a fi ń tẹ́ inú agbọ̀n ti yà sídìí ọṣẹ, àwọn alábàárù ń sùn nínú ọmọlanke wọn. Mo fẹ́ mọ̀ ni o, mi ò bú ẹnikẹ́ni: ìgbà tí wọ́n ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ púpọ̀, àti ìsinsìnyí tí wọ́n ń gba púpọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ díẹ̀, ìgbà wo ni àpótí wọn kún jù? Èmi náà ti fowó lé obì rí, tí oníbàárà mi rìn lọ sí ìsọ̀ kejì, tó tún ń ti ibẹ̀ kí mi pé mo kú ọjà. Akínṣọlá ní àwọn tó wà lókè òun náà ń bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn. Ó ní ìjọba máa tó pe ìpàdé kan ní Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti máa bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n náwó lé lórí lọ́dún tó ń bọ̀, pé ibẹ̀ ni kí n gbé afárá mi lọ.

Bàbá kékeré rẹ Hàrúnà, àbúrò bàbá rẹ, ló kó wa lẹ́yìn lọ síbẹ̀, àwa àgbààgbà abúlé. Gbọ̀ngàn náà tutù bí ẹni pé òkú ni wọ́n fẹ́ gbé sí i, gbogbo àga ló wọ aṣọ. Mo gbé aṣọ ọ̀kan sókè láti wo ohun tí wọ́n fi pa mọ́, àga lásán ni. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kan tó dà bí ọmọ odó yíká, ẹni tí ó bá dé ọwọ́ rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní géètì ni kí wọ́n ṣe sí ẹnu ìlú tàwọn kí wọ́n kọ orúkọ sí i. Ẹnì kan ní omi tó ń fò ni ìlú tòun fẹ́, torí àwọn kọ́ ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, mo kí wọn, mo ní láti abúlé wa ni mo ti wá, a kì í jẹ gbèsè, mo wá bèèrè ìgbà tó máa kàn wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán, mo wá sọ ti odò, mo sọ ti obì tó ń dúdú, mo sọ ohun tí Àlájì Yúnúsà wí. Nígbà tí mo máa fi jókòó, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ti ń bèèrè ìgbà tí tiwọn náà máa kàn. Ọ̀gá tó jókòó ní iwájú ní owó tó wà nílẹ̀ fún agbègbè wa kò lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ lọ́dún náà, àti pé lójú òun, afárá ìyá olóbì ló ṣe kókó jù. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́. Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́. Bàbá kékeré rẹ di ọwọ́ mi mú, àwọn tí wọn kì í bá obìnrin bọwọ́.

Ìgbà náà ni aboyún kan dìde lẹ́yìn. Leah lorúkọ rẹ̀, láti abúlé kan ní ọ̀nà Iperu. Oyún rẹ̀ ti tó bí. Kò pariwo. Ó ní ìjì ti ká òrùlé ilé ìgbẹ̀bí àwọn lọ, ìkòkò ọbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń kó oògùn sí kí òjò má baà pa á. Ó ní abẹ́ agboòrùn ni àbúrò ọkọ òun bímọ sí, otútù wọ ọmọ náà lára, kò sì yè. Ó ní òun kò wá bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa kàn àwọn kí òun tó bí tòun. Ó jókòó.

Ọ̀gá yẹn ń wo tábìlì. Wọ́n ti kọ tiwa sílẹ̀, Kàúsárà, kí n ṣáà dákẹ́ ni. Mo sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mi ò tàn ọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní èsúsú Sábó tó ti wà kí n tó débẹ̀, pé bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ bímọ, ẹni tó kàn á fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí oyún rẹ fẹ́ pa mí, tí wọ́n ní àfi kí wọ́n là mí, obìnrin kan tí mi ò bá tan ló fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Owó náà ni wọ́n fi gbé ọ jáde láàyè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó níbẹ̀ kí n di ẹnu?

Mo dìde, mo gba ọmọ odó yẹn lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Mo ní kí wọ́n pa afárá rẹ́, kí wọ́n kọ òrùlé síbẹ̀, kí wọ́n kọ tiwa ṣe ìkejì. Ọ̀gá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní a kì í bi èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nídìí èsúsú.

Nígbà tí a dé etí odò, tí bàbá kékeré rẹ ká ṣòkòtò sókè tí wọ́n bọ́ sómi, wọ́n wá bi mí bóyá mo rí omi náà. Mo ní mo rí i. Wọ́n ní kì í ṣe tèmi nìkan ni mo fi tọrẹ, ti gbogbo abúlé ni, mi ò sì bi ẹnì kankan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn mí, torí mi ò bi wọ́n lóòótọ́. Àwọn kan nílé kò dá mi lóhùn dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù gba ọ̀nà Iperu kọjá níjẹta, ó ní àwọn káfíńtà ti wà lórí ilé ìgbẹ̀bí yẹn. Mo ní kó tún un sọ níṣojú bàbá kékeré rẹ. Wọ́n ní kí n bu ìkọ́kọrẹ́ fún Kàmọ́rù.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. A fẹ́ to pákó tó nípọn sórí odò kí ọkọ̀ Àlájì lè rọra kọjá bí obì tuntun bá jáde, títí ìjọba á fi dé orí tiwa. Ilé kọ̀ọ̀kan ló máa mú pákó wá. Èmi ni mo ní kí tèmi pọ̀ jù, torí ẹni tó fi èsúsú ìlú tọrẹ kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn. Bá mi wá owó pákó, ohun tí agbára rẹ bá gbé. Bá mi fi ìpara ara ríro díẹ̀ lé e, torí omi odò yẹn tutù, orúnkún mi ń sọ̀rọ̀. Má fi sí báǹkì o, wọ́n á tún yọ sitáǹpù, fi rán Kàmọ́rù. Ìwọ náà, o sọ fún mi pé wọ́n ń yọ owó-orí nínú owó oṣù rẹ kí o tó fojú kàn án. Ṣé o ti lọ bèèrè ibi tí wọ́n kà dé ní Èkó? Lọ bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Akínṣọlá tún bá mi sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé pé kì í ṣe èsúsú. Mo gbọ́. Kò sì sí bí mo ṣe lè bá a jiyàn, òun ló kàwé ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ wọ́n kọ ìkejì níṣojú mi. Bó bá pẹ́ kó tó kàn wá, tí mi ò sì sí mọ́, ìwọ ni mo fi síbẹ̀. Èsúsú kì í bá ẹni tó dá a kú. Wọ aṣọ tó dáa, má ṣe bá wọn jà, ka nọ́ńbà mi fún wọn, èyí tí mo máa kọ́ ọ bí o bá wálé Iléyá, kí o sọ pé afárá ìyá rẹ lo wá kó.

Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o máa dá, kó máa kàn ẹlòmíràn títí láé. Yóò kàn ọ́ lójú ayé rẹ, yóò bá ọ nínú ìlera, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràbíátù olóbì,
tó ṣe ìkejì.